Ogun Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ìròyìn, Ṣé Ogun Kọ́ Ni?

Ẹ má wo kékeré mi. Ìwé girama ni mo kà jáde, ọdún kẹrin mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀ròyìn, Yaba, Mushin àti Surulere sì ni ọ̀gá wa fi sí mi lọ́wọ́. Bí tírélà bá ṣubú ní Ojúẹlẹ́gba, owó dánfó lásán ni n ó fi débẹ̀, fọ́tò rẹ̀ á sì gba iwájú ìwé. Ṣùgbọ́n mo kọ ìròyìn ogun Sudan, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, 2023, tó ti lé èèyàn tó ju mílíọ̀nù 10 kúrò nílé. Odindi ojú ìwé kan ni mo kọ. Nígbà tí ìwé jáde, ìlà mẹ́ta ló kù, lábẹ́ ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. N kò bá ẹni tó gé e jà. Ta ló ń béèrè Sudan lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ ní Ìdí-Orò?

Ẹnì kan béèrè ṣá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Bàbá Ṣọ́jà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ka ìlà mẹ́ta náà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní: “Èyí pọ̀ ju tiwa lọ.”

Tiwọn tí wọ́n ń wí ni ogun Làìbéríà. Ọjọ́ 24, oṣù kejìlá, 1989 ni Charles Taylor kó àwọn èèyàn rẹ̀ gba ilẹ̀ Ivory Coast wọ ibẹ̀. Nígbà tó fi di nǹkan bí ìdajì ọdún kejì, ogun ti kan Monrovia. Ọjọ́ 29, oṣù keje, 1990, àwọn ọmọ ogun Ààrẹ Samuel Doe wọ ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran kan tí àwọn èèyàn sá sí, wọ́n pa nǹkan bí 600, tọmọdé tàgbà. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn o. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Saddam Hussein ti Ìráàkì fi gba Kuwait, ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jókòó, wọ́n sì ṣe ìpinnu pé kí Ìráàkì jáde. Ti Làìbéríà ń kọ́? Ọjọ́ 19, oṣù kọkànlá, 1992 ni wọ́n tó ṣe ìpinnu àkọ́kọ́ lórí rẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ó ku díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń pa ara wọn!

Ọjọ́ 24, oṣù kẹjọ, 1990 ni ECOMOG gúnlẹ̀ sí Monrovia, Bàbá Ṣọ́jà sì wà nínú wọn. Owó ata ni ìyá àgbà fi ń ra bátìrì rédíò. Alaalẹ́ ni wọ́n ń tẹ́tí, Kuwait, Kuwait ṣáá ni wọ́n ń gbọ́. Bàbá mi ní lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n bi gbogbo ilé pé: “Kùwéètì tí wọ́n ń pè yìí, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n gbé ọmọ mi lọ ni?”

Kì í ṣe pé àwọn oníròyìn wa kò gbìyànjú. Krees Imodibie ti The Guardian àti Tayo Awotusin ti Champion lọ sí Làìbéríà lọ́dún 1990 yẹn. Àwọn ọmọ ogun Taylor pa wọ́n síbẹ̀. Fọ́tò wo ni aráyé wá rí? Oṣù kẹsàn-án ni àwọn èèyàn Prince Johnson mú Doe, wọ́n gé e létí, wọ́n sì ń fi fídíò yà á. Fídíò yẹn ló tàn ká gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Háà, ọmọ aráyé!

Mo ti ń rò pé èmi nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú, àṣé iṣẹ́ òòjọ́ àwọn kan ni. Lọ́dún 1965, Johan Galtung àti Mari Holmboe Ruge, ọmọ ilẹ̀ Norway, kó ìwé ìròyìn mẹ́rin ti ìlú wọn, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ròyìn wàhálà Kóńgò, Kúbà àti Cyprus. Kí ló ń sọ ọ̀rọ̀ di ìròyìn? Bó bá kan orílẹ̀-èdè alágbára, bó bá kan ẹni ńlá, bí òǹkàwé bá rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀, bó bá burú jáì, ó di ìròyìn nìyẹn. Àfi bí ẹni pé wọ́n ti jókòó ní ọ́fíìsì wa rí!

Virgil Hawkins, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Osaka ní Japan, ṣe ìwé tirẹ̀ lọ́dún 2008 lórí àwọn ogun tí aráyé kì í rí. Àjọ International Rescue Committee ṣírò pé èèyàn mílíọ̀nù 5.4 ni ogun Kóńgò rán lọ sọ́run láàárín 1998 sí 2007, ebi àti àìsàn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Mélòó nínú wa ló gbọ́? Kì í sì í ṣe oníròyìn nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ìjọba ń wojú oníròyìn, oníròyìn ń wojú ìjọba, àwọn ọ̀mọ̀wé gan-an ń wojú àwọn méjèèjì.

Ẹ má sọ pé torí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni o. Lọ́dún 1968, fọ́tò àwọn ọmọ Biafra tí ebi sọ di egungun gba iwájú ìwé ìròyìn ní ìlú òyìnbó. Biafra háyà ilé-iṣẹ́ Markpress ní Geneva kó máa bá wọn tan ọ̀rọ̀ wọn ká. Bàálù àwọn ìjọ ń já oúnjẹ sí Uli lóru, díẹ̀ lára àwọn dókítà Faransé tó lọ síbẹ̀ ló sì wà nídìí dídá Médecins Sans Frontières sílẹ̀ ní 1971. Síbẹ̀, ogun náà kò tán títí di oṣù kìíní, 1970. Fọ́tò ń mú oúnjẹ wá, kò fi dandan mú àlàáfíà wá.

Mo sọ èyí fún Bàbá Ṣọ́jà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Àwa ò rí kámẹ́rà kankan ká tó lọ. Ta ló rán wa? Lọ wádìí ìyẹn náà.” Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò sì rí èsì fún wọn.

Ìyá mi ní ká dákun, ṣé kíka ojú ìwé ìròyìn ní oókan eéjì lè bọ́ èèyàn? Mo ní àwọn òyìnbó ń fi jẹun. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n Ẹ̀ka Ìròyìn ti wà ní Yunifásítì Èkó, ní Akoka, láti 1966, kò sì jìnnà sílé wa. Mo ti gba fọ́ọ̀mù JAMB. Akoka ni mo kọ sókè pátápátá.