Àwọn Ewúrẹ́ Adó-Èkìtì Nínú Ọyẹ́

Nígbà tí ọdún Kérésìmesì kù ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ mi obìnrin tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ẹṣin mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n dúró ní pápá gbalasa, yìnyín sì bo ẹ̀yìn wọn bí ẹni pé a da ìyẹ̀fun lé wọn lórí. Ọmọ náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń wà tọ̀sán-tòru, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù títí di òpin rẹ̀. Mo káwọ́ lérí. Mo pè é, mo ní, "Irú ọ̀sìn wo nìyí? Ṣé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò láàánú ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, nígbà tí ẹ bá dé Adó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí àwọn ewúrẹ́ Ìyá Àgbà ń sùn."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé sọ́kàn nígbà tí mo wọkọ̀ ní Ìbàdàn láti lọ kí ìyá ọkọ mi fún ọdún. Bí a ti kọjá Iléṣà tí a sì ń gun àwọn òkè lọ sí ìhà Ìtawùrẹ́, ọyẹ́ ti gba gbogbo ilẹ̀. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà bo àwọn òkè tí ojú máa ń rí kedere nígbà òjò, ó kù díẹ̀ kí a má rí wọn mọ́. Ètè wa gbẹ, awọ ara wa funfun. A gba Aramọkọ kọjá, a gba Ìgèdè àti Ìyìn kọjá, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí a tó wọ Adó. Ní gbogbo àwọn ìlú wọ̀nyí, ohun kan náà ni mo ń rí: ewúrẹ́ àti àgùntàn tí wọ́n nà gbalaja sórí ọ̀dà títì. Awakọ̀ wa fọn fèrè títí, wọn kò mira. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé kì í ṣe agídí lásán ni. Oòrùn ti yá ọ̀dà náà láti àárọ̀, ooru rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò. Ẹran ti mọ ibi tí yóò ti yáná kí a tó kọ́ ọ.

Adó-Èkìtì ti di olú-ìlú láti ìgbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Títì ńláńlá wà níbẹ̀ nísinsìnyí, ilé ìjọba wà lórí Òkè Ayọ̀ba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti pólì sì kún ìgboro. Síbẹ̀, ní àwọn agbo ilé àtijọ́ tí kò jìnnà sí ààfin Ewì, ìgbésí ayé ewúrẹ́ kò yí padà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á jáde. Èèpo iṣu tí a bó fún iyán, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n á jẹ wọ́n kiri. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á padà wá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ewúrẹ́ ń jẹ, ó ń wálé. Àgùntàn ń jẹ, ó ń wálé. À-jẹ-ì-wálé ni ó ba ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo tètè jí, mo sì lọ wo ibi tí ọmọ mi ní kí n wò. Ewúrẹ́ mẹ́rin ni mo bá ní ẹ̀yìnkùlé. Méjì sùn sábẹ́ òrùlé, wọ́n fara ti ògiri ní ìhà tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Méjì yòókù wọ inú ilé ìdáná tí kò ní ilẹ̀kùn, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí eérú tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sí ilé tí a kọ́ fún wọn, kò sí okùn lọ́rùn wọn. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí pé mo ti dá àwọn ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ òkèèrè lẹ́jọ́ kí n tó wo ẹ̀yìnkùlé tiwa.

Mo fi àwòrán ẹṣin náà han Ìyá. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó ní, "Ẹṣin kẹ̀? Ta ni ó ń sin ẹṣin níbí, ìyàwó mi?" Òtítọ́ ni ó sọ. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní pápá ọ̀dàn, ṣùgbọ́n igbó àti òkè kì í ṣe ilé ẹṣin. Ní nǹkan bí ọdún 1840, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin bá àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàdé ní Òṣogbo, ẹṣin kò gba Ìlọrin lọ́wọ́ ìṣẹ́gun. Ọ̀tá mìíràn sì tún wà tí kò ní idà lọ́wọ́: eṣinṣin tsetse, tí ń gbé inú igbó, tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí sì ń fi àrùn sí i lára. Bí àrùn náà bá mú ẹṣin, yóò rù, yóò sì kú. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí, tí àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ga, ń gbé àrùn kan náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń jẹ, ó ń bímọ. Ìdí nìyí tí òun fi jẹ́ ọ̀sìn ilẹ̀ Èkìtì, tí ẹṣin kò sì fi jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo bi Ìyá léèrè ibi tí àwọn ewúrẹ́ yòókù wà, nítorí pé mẹ́sàn-án ni mo mọ̀ wọ́n sí tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní nínú ọyẹ́ ọdún kejì sẹ́yìn, méje kú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, méjì tí ó ṣẹ́kù ni ó bí àwọn tí mo ń wò yìí. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kan ni ó wà nínú àwọn méje náà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kà mí mọ ohun tí mo ń sọ. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ọkọ, kòkó lè jẹ́ ti ọkọ, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé, ti obìnrin ni. Òun ni báǹkì wa tí kì í béèrè ìwé. A lè fún ọ̀rẹ́ sìn kí a sì pín ọmọ rẹ̀. A lè tà á ní ọjọ́ tí àìsàn bá dé tàbí tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé.

Mo ní, "Ìyá, kí ni ó pa wọ́n?" Ó kọ́kọ́ ní ọyẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ó fi àgbọ̀n júwe ilé kejì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní àwọn ewúrẹ́ náà ti lọ jẹ ẹ̀gẹ́ tí aládùúgbò òun sá sí iwájú ilé, ìjà sì ti bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìjà náà tí ikú fi wọlé. Láti ìgbà náà, obìnrin méjì tí wọ́n ti jọ ń pín omi àti iná fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kò kí ara wọn mọ́.

Mo wá bi í bí àìsàn náà ti rí. Ó ní ojú wọn ń ṣe ipin, imú wọn ń dà, egbò wà ní ẹnu wọn, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n sì ń wúkọ́. Ìyá rò pé òun ń ṣàlàyé májèlé ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ sọ ọ́ fún dókítà ẹran kan ní ìgboro, kò jẹ́ kí n parí rẹ̀ tí ó fi dá mi lóhùn. Ó ní àpẹẹrẹ àrùn tí wọ́n ń pè ní PPR ni mo ń kà sílẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ Ivory Coast ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1942. Kò ń mú ènìyàn. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ni ó ń pa, èyí tí ara rẹ̀ bá yá sì máa ń kó o láti ara èyí tí ó ń ṣàìsàn, nípa èémí àti ikun. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ra ẹran tuntun wọlé ní àkókò yẹn?" N kò mọ̀. Nígbà tí mo padà délé tí mo béèrè, Ìyá dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun ra òbúkọ kan lọ́jà ní ìpalẹ̀mọ́ ọdún náà. Òun ni ó kọ́kọ́ kú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Òtútù nìkan kì í sábà pa ẹran tí ó yó. Àwọn ẹṣin inú àwòrán yẹn ní irun tí ó nípọn, koríko gbígbẹ tí wọ́n sì ń jẹ ń mú ara wọn gbóná bí ó ti ń dà nínú ikùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ewúrẹ́ tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Ohun tí ń ṣe ẹran tí ó ń sùn níta ní ibi ni ebi, òùngbẹ, ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ tí kò ní ìdènà, àti àrùn tí a kò fi abẹ́rẹ́ dènà. Nínú ọyẹ́, ewé tútù ń dín kù: ẹ máa gé ewé ọ̀dán àti agúnmaniyè fún wọn. Ẹ sá èèpo ẹ̀gẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́, nítorí pé oró wà nínú èyí tí ó tutù. Ẹ gbé omi mímọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi páànù díẹ̀ bo igun kan, kí ilẹ̀ rẹ̀ ga kí ó sì gbẹ, nítorí òjò tí ń bọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́ ń yọ ewúrẹ́ lẹ́nu ju ọyẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹran tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ so ó lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn ti ilé. Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR, a ń ṣe é ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ní Vom nítòsí Jọ́ọ̀sì. Ẹyọ kan ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Àwọn àjọ àgbáyé pinnu ní Abidjan ní ọdún 2015 pé àwọn fẹ́ pa àrùn náà run kúrò láyé kí ọdún 2030 tó parí.

Ṣùgbọ́n dókítà náà sọ ohun kan tí ó le ju gbogbo èyí lọ fún Ìyá. Ó ní inú yìnyín ni oògùn náà ń wà. Bí a bá ti po ìgò kan, kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì, ìgò kan sì tó fún ọ̀pọ̀ ẹran. Òun kò lè po ìgò nítorí ewúrẹ́ mẹ́rin. Yàtọ̀ sí èyí, kí ni àǹfààní kí a gún ti Ìyá, nígbà tí ti ilé kejì ń bá wọn sùn sórí eérú kan náà?

Ìyá kò sọ nǹkan kan ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ojúde. Ó dúró ní iwájú ilé kejì nínú ọyẹ́, ó ró aṣọ méjì, ó ń pe aládùúgbò rẹ̀ ní orúkọ tí ó fi ń pè é kí ìjà tó dé. N kò gbọ́ gbogbo ohun tí ó sọ. Mo gbọ́ "òbúkọ", mo sì gbọ́ "má bínú". Ilẹ̀kùn náà pẹ́ kí ó tó ṣí, ṣùgbọ́n ó ṣí.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn mọ́kàndínlógún ni a kó jọ ní ọjọ́ Sátidé, láti ilé márùn-ún. Dókítà ẹran dé pẹ̀lú kúlà rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ìyá àti aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n di àwọn ẹran mú fún un, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. Mo ya àwòrán wọn, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Ní alẹ́, àwọn ewúrẹ́ náà padà sí orí eérú wọn, níta, nínú ọyẹ́.