Kí A Yẹ Ojú Àwọn Ọmọ Wa Wò

Ọ̀rọ̀ ojú ni a yàn láti bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sọ, nítorí pé ojú ni ọba ara, òun náà sì ni ẹnu ọ̀nà ìwé.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 jẹ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti ẹnu, kò sí ẹni tí í bá a du ipò kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n bí a bá ń da iṣẹ́ kọ láti ara pátákó, 8 a di 3, H a di N. Wọ́n nà án pé kò fara balẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí ìjókòó iwájú, kò yàtọ̀. Orí a sì máa fọ́ ọ lọ́sàn-án. Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún kí dókítà ojú kan tó sọ fún un pé astigmatism ni. Ó ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ lo awò ojú ni òun mọ̀ pé ìlà òòró àti ìlà ìbú lẹ́tà dúdú bákan náà.

Kí ni astigmatism? Awọ kan tí ó mọ́ gaara wà níwájú ẹyinjú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ó bá rí roboto bí ara bọ́ọ̀lù, ìmọ́lẹ̀ tí ó ti ibì kan wá yóò pàdé ní ojú kan ṣoṣo lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Bí ó bá tẹ̀ ní ìhà kan ju èkejì lọ, bí ẹ̀gbẹ́ ẹyin adìyẹ, ti òòró yóò pàdé níbì kan, ti ìbú níbòmíràn, àmì kékeré a sì fà gùn bí ìlà. Díẹ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kì í sì í yọ wọ́n lẹ́nu. Bí ó bá pọ̀, àti ọ̀nà jíjìn àti itòsí ni yóò ṣe bàìbàì. Ìdí nìyí tí ìjókòó iwájú kò fi wo ọ̀rẹ́ wa sàn. Lẹ́ńsì kámẹ́rà pàápàá ní irú àléébù yìí ní ẹ̀gbẹ́ àwòrán; ní 1890 ni Paul Rudolph ti ilé iṣẹ́ Zeiss ní Jámánì ṣe lẹ́ńsì Anastigmat láti fi borí rẹ̀.

Thomas Young ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1801, láti inú ojú ara rẹ̀. Ọdún náà gan-an ni wọ́n bí George Airy, onímọ̀ nípa ìràwọ̀. Airy ti gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdánwò ìṣirò ní Cambridge ní 1823 kí ó tó wádìí ohun tí ó ṣe ojú òsì rẹ̀ tí kò fi lè fi kàwé. Ó lu ihò bíńtín sára páálí, ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń di ìlà, ó ṣírò rẹ̀, oníṣẹ́ dígí kan ní Ipswich sì gé lẹ́ńsì tí ó bá ojú náà mu. Àlùfáà William Whewell ni ó sọ àbùkù náà lórúkọ. Àwa tí a kọ́ èdè Gíríìkì ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà mọ stigma: òun ni Pọ́ọ̀lù lò fún àpá ara rẹ̀ ní ìparí ìwé sí àwọn ará Gálátíà. Àmì ni, “a” tí ó ṣáájú rẹ̀ túmọ̀ sí àìsí.

Bí ó bá pẹ́ kí irú ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ tó wádìí ojú ara rẹ̀, báwo ni ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò ṣe mọ̀? Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Bí ó ti ń ríran láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, bẹ́ẹ̀ ni ó rò pé gbogbo ayé ń ríran. Kò ní fi ẹjọ́ sùn. Àwa àgbà ni a ní láti kíyè sí ọmọ tí ń pa ojú dé díẹ̀ kí ó tó ríran, tí ń yí orí sí ẹ̀gbẹ́, tí orí ń fọ́ bí ó bá kàwé.

Ẹ má ra awò ojú fún un lọ́jà. Irú èyí a máa mú nǹkan tóbi, ṣùgbọ́n kò mọ ìhà tí ojú ọmọ tẹ̀ sí. Dókítà ojú ni ó ń wọn ìhà náà láàrin 1 àti 180, bí lẹ́ńsì bá sì yí kúrò níbẹ̀, ojú kò ní mọ́. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé awò ojú ń ba ojú ọmọdé jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni ìdádúró: bí astigmatism tí ó le bá wà lójú ọmọ kékeré tí a kò tọ́jú rẹ̀, ọpọlọ lè má kọ́ bí a ti ń ríran kedere, awò tí a bá rà lẹ́yìn ọ̀la sì lè má tó mọ́.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fún ní àjọ̀dún yìí ni pé kí a máa gba dókítà ojú wá lọ́dọọdún, kí ó yẹ ojú gbogbo ọmọ tuntun wò ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá wọlé, kí àpò wa sì ra awò fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá lágbára. Kí a tó na ọmọ nítorí ìwé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bí ó bá rí ìwé náà.