Ewébẹ̀ Orí Òkè Aubrac

Ní ìdánwò àṣekágbá wa ní yunifásítì, wọ́n ní kí a ṣàlàyé òwe márùn-ún tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ojú ewé méjì gbáko ni mo kọ lórí "Òdú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko" nìkan, máàkì tí mo gbà sì jọjú. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan gbé òdú àti ẹ̀bọ̀lọ̀ kalẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ náà pé kí n mú òdú, n kò ní mọ èyí tí n óò mú. Mo mọ òwe, n kò mọ ewé.

Ọ̀nà jíjìn ni mo rìn kí ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí tó bá mi. Orí òkè kan ní ilẹ̀ Faransé ni, níbi tí àgbà alásè kan ti sọ ewé etí ọ̀nà di oúnjẹ tí àwọn ènìyàn ń ti ìlú òkèèrè wá jẹ.

Ìlú táyà, ìlú ìràwọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Clermont-Ferrand, ìlú tí ilé iṣẹ́ táyà Michelin fi ṣe ibùjókòó. Ilé iṣẹ́ táyà yìí kan náà ni ó ń tẹ ìwé atọ́nà tí ó ń fi ìràwọ̀ dá àwọn ilé oúnjẹ lọ́lá. Ní 1900 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn awakọ̀ lè máa rìn jìnnà, kí táyà wọn sì tètè máa gbó. Ní 1926 ni ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó di 1931, wọ́n fi ìràwọ̀ méjì àti mẹ́ta kún un. Ìràwọ̀ kan túmọ̀ sí pé oúnjẹ ibẹ̀ dára. Méjì túmọ̀ sí pé ó tọ́ kí ènìyàn yà bàrà kúrò lọ́nà nítorí rẹ̀. Mẹ́ta túmọ̀ sí pé ó tọ́ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ gbéra nílé.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pé ogójì ọdún, ó ní òun kò ṣe àríyá. Ó ti ń tọ́jú owó láti ọdún tí ó ṣáájú, kí àwa méjèèjì lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán kan ṣoṣo ní ilé oúnjẹ Le Suquet, lẹ́yìn ìlú Laguiole. Èmi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní oṣù kẹfà.

Ọ̀rọ̀ inú mọ́tò

A kò tíì jáde ní Clermont tán tí ẹ̀gbọ́n mi fi dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Mo ti bá màámi sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n ti bùkà yẹn kí oṣù kejìlá tó tán. Orúnkún wọn ò gbé e mọ́."

"Kí ni wọ́n sọ fún yín?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan."

Èmi náà kò sọ nǹkan kan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni màámi ti fi ń se oúnjẹ tà ní Ìkirè. Àmàlà wọn àti ẹ̀fọ́ wọn ni wọ́n fi san owó ilé ìwé àwa méjèèjì. Síbẹ̀, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá bèèrè iṣẹ́ tí màámi ń ṣe, "Wọ́n ń ṣòwò" ni mo máa ń wí. N kì í dárúkọ bùkà.

Ìrìn náà gbà wá tó wákàtí méjì àti ààbọ̀. Bí a ti ń gòkè ni igi ń dín kù, títí ó fi ku koríko, òdòdó àti sánmà. Iná abẹ́ ilẹ̀ ni ó tú òkúta dúdú sórí ilẹ̀ náà ní ayé àtijọ́. Òkúta yìí náà ni àwọn àgbẹ̀ tò ṣe ọgbà yí pápá wọn ká. Àwọn màlúù Aubrac ń jẹ káàkiri, àwọ̀ wọn rí bí àlìkámà tó gbó, ojú wọn sì dúdú yíká bí ẹni pé wọ́n lé tìróò. Ní òpin oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń dà wọ́n gòkè wá láti àfonífojì, pẹ̀lú òdòdó lórí àti agogo lọ́rùn. Gbogbo ìlú ni ó sì máa ń jáde wò wọ́n.

Bí a ti ń sún mọ́ abúlé Aubrac gan-an, kùrukùru bo ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi tan iná mọ́tò, a ń rìn bí ìgbín. Abúlé yìí ni àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kọ́ ilé sí ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn, láti máa gba àwọn tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibojì Jákọ́bù Mímọ́ ní ilẹ̀ Sípéènì. Bí kùrukùru bá bolẹ̀ tàbí tí yìnyín bá ń bọ́, wọn a máa lu agogo kí ẹni tí ó sọnù lè gbọ́ ọ, kí ó sì mọ ibi tí ilé wà. Agogo náà ni mo ń rò bí a ti ń lọ, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀.

Ọmọ tí kò kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀

Ìlú kékeré ni Laguiole. Wọn kì í pe "g" inú orúkọ náà. Ẹ sá pè é bí "Làyọ́ọ̀lì". Ère akọ màlúù onídẹ wà ní gbàgede ọjà, ọ̀bẹ ni wọ́n sì ń tà ní ìsọ̀ tó yí i ká. Láti 1829 ni wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ alákàápọ̀ níbẹ̀, èyí tí ó sọ orúkọ ìlú náà di mímọ̀ káàkiri ayé.

Ìlú yìí ni àwọn òbí Michel Bras ti ní ilé èrò tí ń jẹ́ Lou Mazuc. Ọdún 1946 ni wọ́n bí i. Kò lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn gbajúmọ̀ alásè Paris bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí ààrò ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni ìràwọ̀ kìn-ín-ní ti bá a ní 1982, èkejì sì dé ní 1987. Ní 1992, ó kọ́ ilé oúnjẹ tuntun sí orí òkè lẹ́yìn ìlú, ní ibi tí ó ga ju mítà 1,000 lọ. Ìràwọ̀ kẹta dé ní 1999. Sébastien, ọmọ rẹ̀, ni ó ń darí ibẹ̀ báyìí.

Nígbà tí a dé orí òkè náà, kùrukùru ti ká. Ilé òkúta àti gíláàsì ni, ó yọrí sí ẹ̀bá òkè bí ẹyẹ tí ó fẹ́ fò. Láti ìdí tábìlì wa, a rí pápá tí ó tẹ́ lọ títí tí ojú kò fi tó o mọ́.

Ọ̀bẹ kan ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, òun náà ni a sì fi jẹun dópin. Ní ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ yìí, olúkúlùkù ni ó ní ọ̀bẹ tirẹ̀ nínú àpò; bí ó bá jẹun tán, yóò fi búrẹ́dì nù ún, yóò sì ká a padà. Bí àwo wa ti ń pààrọ̀, ọ̀bẹ wa kò pààrọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé gargouillou dé. Oúnjẹ àwọn àgbẹ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ yìí tẹ́lẹ̀: pòtétò àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ nínú omi díẹ̀. Michel Bras, tí ó fẹ́ràn eré sísá, ń sá eré gba inú pápá kọjá ní oṣù kẹfà kan, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ tanná. Ó rò ó pé òun lè kó pápá yẹn sínú àwo. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ewé, gbòǹgbò, òdòdó àti irúgbìn ni, wọ́n lè tó àádọ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwo kan. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń se èyí tí ó yẹ ní sísè, nítorí pé ìgbà tí kárọ́ọ̀tì fi ń jinná kọ́ ni ẹ̀wà tútù fi ń jinná. Kì í rí bákan náà lójoojúmọ́. Ohun tí ọgbà àti pápá bá mú wá ni wọ́n ń lò. Àwọn alásè káàkiri ayé ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀.

Mo jẹ ewé kan tí ó korò díẹ̀, mo sì dáwọ́ dúró. Màámi náà kì í da ẹ̀fọ́ gbogbo pọ̀ sínú omi kan. Wọn a bọ ewúro lọ́tọ̀, wọn a fọ̀ ọ́ títí ìkorò rẹ̀ yóò fi ku ìwọ̀nba. Gbúre kàn ń fojú kan iná ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fi ń ṣe èyí, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní ọgbọ́n, títí kan èmi tí mo gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá.

Aligot ni ó pa ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu mọ́. Pòtétò gígún ni, wọ́n fi bọ́tà, aáyù àti wàrà tí kò tíì gbó pò ó, wọ́n sì ń fi igi rò ó lórí iná títí yóò fi máa fà. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé irú oúnjẹ yìí ni àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ fi ń tọ́jú àwọn arìnrìn-àjò. Ìyá Michel Bras ni a mọ̀ mọ́ ọn ní ìdílé náà. Ẹni tí ó gbé e wá fi ṣíbí fà á sókè, ó gùn ju apá lọ kí ó tó já. Ẹ̀gbọ́n mi wo ṣíbí náà, ó ní, "Bí màámi ṣe ń fi ọmọrogùn fa àmàlà wò nìyẹn." Kò tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àkàrà ṣokoléètì ni a fi parí rẹ̀. Ọdún méjì ni Michel Bras fi dán an wò kí ó tó gbé e jáde ní 1981: òde rẹ̀ le, inú rẹ̀ ń ṣàn. Àkàrà ṣokoléètì oníṣàn tí ẹ ń rà ní Lẹ́kí àti Ìkẹjà, ẹbí rẹ̀ ni.

Ìràwọ̀ tí a dá padà

Ní 2017, Sébastien Bras ṣe ohun tí ó ya ayé lẹ́nu. Ó ní kí Michelin yọ ìràwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lọ́rùn òun, nítorí pé òun fẹ́ máa se oúnjẹ láì máa rò ó bóyá àwo tó ń jáde yóò tẹ́ àwọn olùyẹ̀wò lọ́rùn. Wọn kò dárúkọ ilé náà nínú ìwé ti 2018. Ní 2019, wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì.

N kò sọ pé ìràwọ̀ kò dára. Inú mi dùn ní oṣù kejì ọdún 2024 nígbà tí Adejoké Bakare gba ìràwọ̀ ní London fún ilé oúnjẹ rẹ̀, Chishuru; òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbà á ní Bìrìtìkó, oúnjẹ ilẹ̀ wa ni ó sì fi gbà á. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ṣeé dá padà. Ohun tí Sébastien kò lè dá padà ni ohun tí bàbá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀: mímọ ewé, mímọ iná, mímọ ìgbà tí ó tó láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, mo pe màámi lórí fóònù. Mo ròyìn àwo ewé náà.

"Ewé tí wọn ò fi ata sí?" ni màámi bèèrè. "Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n pè wá jẹun ni?" A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ pé inú ọgbà àti pápá wọn ni wọ́n ti ń já a, wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń já ewé fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ."

"Màámi, irú ẹ̀fọ́ mélòó lẹ mọ̀?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "N ò kà á rí. Ta ló bi mí rí?"

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Láti ìgbà ìrúwé títí dé ìgbà ìwọ́wé ni Le Suquet máa ń ṣí. Ní ìgbà òtútù, yìnyín ni ó ni orí òkè náà. Ẹ gba àyè sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, kí ẹ sì wá mọ́tò. Bí owó kò bá tó, ẹ má ṣe banú jẹ́: wọ́n ń ro aligot ní àwọn ilé èrò inú ìlú, ìdílé Bras sì ní ilé oúnjẹ tí kò gunpá ní Rodez, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Soulages. Wíwo pápá kò ní owó nínú.

Òdú

Mo ti padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nípa bùkà, ṣùgbọ́n ó ti ń fi owó ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin kan tí ń gúnyán, màámi sì ti ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́ta ọ̀sán. A kò mọ bí oṣù kejìlá yóò ti rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti màámi a lọ sí àkùrọ̀ ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ìwé àti gègé mi. Mo ti kọ ẹ̀fọ́ mẹ́tàdínlógún sílẹ̀: orúkọ wọn, ibi tí wọ́n ń hù sí, èyí tí a ń bọ̀ àti èyí tí a kì í bọ̀. Mẹ́ta nínú wọn, n kò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màámi na ewé méjì sí mi, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. "Èwo ni òdú?"

Mo nawọ́ sí ti òsì. Wọ́n mi orí.

"Gbóòórùn rẹ̀," ni wọ́n wí. "Tún un wò."