Òkúta Ìdí Táyà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọkọ̀ tí bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ ti kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má wulẹ̀ da ẹni tó ni ín láàmú. Ẹ sáà wo ìdí táyà. Òkúta lẹ óò bá níbẹ̀, tàbí gẹdú igi. Láti gáréèjì Ìbàdàn títí dé Fọlágbadé ni mo ti ń rí wọn. Gbogbo wa ti gbà pé bíréèkì ẹsẹ̀ ni bíréèkì, ti ọwọ́ kàn wà fún ẹ̀ṣọ́ ni.

Bùrọ̀dá mi àgbà kan ní Mẹ̀sí-ọlọ́yẹ́ àtijọ́, 200 oníjíà ọwọ́, irú èyí tí àwọn Jámánì ń ṣe láti 1976 títí wọ 1986, tí iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀. Ọkọ̀ gidi ni, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣì ń lo dúróòmù lẹ́yìn, dísìkì ló wà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tirẹ̀. Bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ òsì la fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ò rí nǹkan! Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìyẹn kò di ọkọ̀ mú mọ́. Mẹkáníìkì Bùrọ̀dá ní dísìkì kì í gba títún ṣe, fúnra rẹ̀ ní í tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tí ariwo wa pọ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fún wáyà le. Ó dára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún padà síbi tó wà.

Ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ Ojúde Ọba, ni ọ̀ràn náà bẹ́. Ẹ mọ bí ìlú ti í rí lọ́jọ́ yẹn. Ilé wa wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bùrọ̀dá gbé Mẹ̀sí sókè pátápátá, ó fi í sí fíríì kí àwọn ọmọ lè fọwọ́ tì í bí àlejò bá fẹ́ jáde, ó wá fi òkúta méjì há táyà. Àǹtí wa kan, tí ooru ti mú nínú aṣọ òkè, lọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kó lè sinmi díẹ̀. Àwọn tó ń dáná sì ń wá òkúta fún ààrò kejì. Wọ́n ti ní ẹyọ kan, ó ku méjì. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí wọ́n ti rí i.

Ọkọ̀ kọ́kọ́ rọra mì bí ẹni tó ń jí lójú oorun, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn lọ sí abẹ́ kánópì tí àwọn èèyàn ti ń jẹun. Àǹtí ń fi ọwọ́ gbá gíláàsì, ó ń ké "Ẹ gbà mí o!" Kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá: táyà ẹ̀yìn kan já sínú gọ́tà nígbà tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì mo mú mẹkáníìkì àgbàlagbà kan wá. Baba ní òótọ́ ni pé bíréèkì ẹsẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe, bí páàdì ti ń jẹ ni písítìnì ń sún tẹ̀lé e. Ti ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Inú dísìkì ẹ̀yìn ni wọ́n fi dúróòmù kékeré kan pamọ́ sí, pẹ̀lú láínìnì tirẹ̀, ìyẹn kò sì mọ̀ ọ́n tún ara rẹ̀ ṣe. Ó há táyà iwájú, ó tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, ó dẹ wáyà tí wọ́n ti fún jù. Bóòtù kan ṣoṣo ló yọ nínú márùn-ún tó de wíìlì. Ó yí wíìlì títí ihò náà fi ko kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan lójú, ó wá ti sukudiráfà bọ̀ ọ́. Eyín kan, eyín méjì, títí wíìlì fi gan pátápátá. Ó wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi yí láìhá. Ó ṣe èkejì bákan náà, wáyà ló fi parí rẹ̀. Ó ní ká máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, àìlò ló ń jẹ́ kó dípẹtà.

Kò tó wákàtí kan, a kò sì ra páàtì kankan. Ìyẹn ló bí mi nínú jù: ọdún mẹ́ta la fi sá fún iṣẹ́ sukudiráfà!

Òkúta ṣì wà nínú bùútù Bùrọ̀dá. Àǹtí ti ń wọ ọkọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí Bùrọ̀dá sọ̀ kalẹ̀ àfi bí òun bá gbọ́ "kẹrẹ-kẹrẹ-kẹrẹ" lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.