Ebi Ló Ń Pa Ilẹ̀, Kì Í Ṣe Àjẹ́

Lọ́jà Bouaké, Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá, ìbáà jẹ́ Èjìgbò lẹnìkan ti wá tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá mi ta ìkòkò àti àwo níbẹ̀. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ́ wọn, èyí tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ èpò kan tí òdòdó rẹ̀ rẹwà, tó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Striga ni orúkọ rẹ̀; koríko àjẹ́ ni àwọn Faransé ń pè é.

Nínú oko àgbàdo, ọkà bàbà tàbí ìrẹsì ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè yìí, Striga ti máa ń fa oje ọ̀gbìn mu kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ lókè ilẹ̀. Àgbẹ̀ á rí i tí àgbàdo rẹ̀ ń rọ bí ẹni pé ọ̀dá dá, bẹ́ẹ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ni. Ni wọ́n á bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan sọ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni wọ́n lé kúrò nílé lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín.

Àwa náà ní òwe tó ń gbè é lẹ́sẹ̀: bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ẹ jẹ́ ká wo bí òwe yìí ṣe rí lábẹ́ ilẹ̀.

Ọ̀gbìn kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá fún ìyàn. Họ́mọ́ọ̀nù ló ní, èròjà kékeré tó ń jẹ́ iṣẹ́ láti apá kan ara rẹ̀ dé òmíràn. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀, gbòǹgbò á pèsè èyí tí à ń pè ní strigolactone. Nínú ara ọ̀gbìn, ó ń kìlọ̀ pé kó má yọ ẹ̀ka púpọ̀: ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó kì í pe àlejò. Nínú ilẹ̀, ó ń pe àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín kan tó bá olú tan, tí ń bá gbòǹgbò wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí gbòǹgbò sì ń fi ṣúgà san oore wọn. Igbe ìrànlọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n irúgbìn Striga, tó lè sùn sínú ilẹ̀ ju ọdún 10 lọ, ń gbọ́ igbe kan náà. Á jí, á lẹ̀ mọ́ ẹni tó ń ké. Àfòmọ́ ni; abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bá ọ̀gbìn tan.

Ní 1966, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà rí èròjà tó ń jí Striga nínú oje gbòǹgbò òwú. Ó di 2005 kí àwọn ará ilẹ̀ Japan tó fi hàn pé ìbátan olú yẹn ló ń pè, ó sì di 2008 ká tó mọ̀ pé họ́mọ́ọ̀nù ni. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, olè tó dáhùn la mọ̀. A ò mọ ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè.

Striga kò lè jẹ lára òwú: òwú á jí i, ebi á sì pa á. Òwú yìí kan náà ni Bouaké fi gbajúmọ̀ láti ayé ilé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville. Ní M'bé, tí kò jìnnà síbí, Monty Jones, ọmọ Sierra Leone, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìrẹsì Áfíríkà bá ti Éṣíà tan ní àwọn ọdún 1990, wọ́n sì rí NERICA. Díẹ̀ nínú wọn, bíi NERICA 1, ń ké ní ohùn jẹ́jẹ́: strigolactone wọn kò pọ̀, Striga kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ wọn.

Òwe wa kò purọ́, a ń ṣì í lò ni. Inú ilé ni ohùn tó pe ọ̀tá ti jáde lóòótọ́, àmọ́ ebi ló ké, kì í ṣe ìkà. Ilẹ̀ tí a ń gbìn lọ́dọọdún tí a kò fún ní nǹkan kan ló ń pariwo. Ajílẹ̀ ló ń fẹ́. Ó ń fẹ́ kí a fi òwú tàbí sọ́yà pààrọ̀ àgbàdo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì fa Striga tu kó tó so.

Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ìmọ̀ yìí sílẹ̀. Èdè Baoulé, Jùlá àti Yorùbá la fi ń pe obìnrin ní àjẹ́. Àfi tí ìmọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè tí ẹ̀sùn ń sọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀sùn ni yóò máa kọ́kọ́ dé oko.