Paramọ́lẹ̀ Kì í Lé Èèyàn

Ẹni tó bá ní paramọ́lẹ̀ ń lé èèyàn kò tíì bá a gbé oko rí. Èmi tí mò ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní Òkè-Ògùn mọ̀ pé ì bá sàn ká ní ó ń lé wa. Ohun tó bá ń léni, èèyàn á rí i, á sì sá. Ti paramọ́lẹ̀, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀ sójú kan, láàárín ewé gbígbẹ tí àwọ̀ rẹ̀ bá mu, kí oúnjẹ fúnra rẹ̀ wá bá a.

Ejò kúkúrú tó ki ni, kì í sábà gùn ju mítà kan lọ. Èkúté, ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń jẹ. Tó bá fẹ́ mú ọ̀pọ̀lọ́, á yọ ahọ́n síta, á máa mì ín. Ọ̀pọ̀lọ́ á rò pé kòkòrò ni, á sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, 20 sí 40 lẹ́ẹ̀kan náà, oró sì ti wà lẹ́nu wọn lọ́jọ́ tí wọ́n dáyé.

Ajá kò gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ajá mi, tó ń gbóòórùn ọ̀yà láti òkèèrè, ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ paramọ́lẹ̀ lójú mi láìbojú wò ó. Mo rò pé ajá náà ti darúgbó ni, àfi ìgbà tí mo gbọ́ pé ní 2015, àwọn onímọ̀ ní South Africa fi ajá tí wọ́n ti kọ́ dán an wò. Tí paramọ́lẹ̀ bá lúgọ báyẹn, ajá kì í gbóòórùn rẹ̀.

Ó máa ń kìlọ̀ o. Á fẹ́ ara, á sì máa mí ṣìì. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣán mi, atẹ́gùn ń fẹ́ ewé àgbàdo, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ló bà lé e, nínú poro tí mo ti ń gbà láti kékeré. Kí n tó jókòó, ó ti ń jó mi bí iná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹsẹ̀ ti wú dé orókún.

Bàbá àgbà kan ládùúgbò ti mú okùn àti abẹ gbẹ́rẹ́ dé. Àkọ́bí mi dọ̀bálẹ̀: “Bàbá, ẹ dákun, ẹ má so ó.” Ọmọ náà gbọ́n jù wá lọ. Oró paramọ́lẹ̀ ń jẹ ẹran ara níbi tó bá wọlé. Tí ẹ bá so ó, ibẹ̀ ló máa há sí, tí yóò máa jẹ ẹ́ lọ. Abẹ ńkọ́? Oró náà lè má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ọ̀kadà ni ọmọ mi fi gbé mi lọ sílé ìwòsàn.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ kò ní oògùn. Ní ìkejì, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò, wọ́n fi í sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú láti wò ó bóyá yóò dì. Oògùn tí wọ́n fà sí mi lára, EchiTAb-Plus-ICP, Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe é, láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tí wọ́n fún ní oró ejò ilẹ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà jìn! Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀, 2017 ló tó ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn tí ayé pa tì. Pẹ̀lú oògùn náà, awọ ẹsẹ̀ mi ṣí, wọ́n sì gé ọmọ ìka rẹ̀ kan.

Nísinsìnyí, bàtà òjò ni mò ń wọ̀ lọ sóko, ooru ìbáà máa mú. Igi gígùn ni mo fi ń tú ìtì igi ìdáná kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo ti kó àgbàdo kúrò ní ahéré tí a ń sùn, torí ibi tí èkúté bá wà ni paramọ́lẹ̀ ń lọ, alẹ́ ló sì ń rìn jù. Àwọn àgbà ní ká má dárúkọ rẹ̀ lálẹ́, okùn ilẹ̀ ni ká pè é. Èmi ń dárúkọ rẹ̀, mo sì ń tan tọ́ọ̀ṣì.

Tó bá sún mọ́ ahéré, mo ń pa á. Tó bá wà lọ́hùn-ún, nídìí ẹ̀gẹ́, mo máa ń yà fún un, kó máa bá mi jẹ èkúté lọ.