Ó gbóná, ó wá ń falẹ̀

Níbí ní Dublin, ọmọ mi ọkùnrin ní kí n ra káàdì àwòrán tuntun sínú kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣe géèmù. Òyìnbó ló sábà máa fi ń dá mi lóhùn. Mo ní kó fi Yorùbá sọ ohun tó ń ṣe é ná.

Ó ronú díẹ̀, ó ní: “Dádì, ó máa ń yára tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Tó bá ti gbóná, á máa falẹ̀.”

Àlàyé yẹn ló tú àṣírí. Káàdì tó bá gbóná jù máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, kó má baà bàjẹ́. A pa á, a yọ wáyà iná, a ṣí i. Eruku ti bo fáànù! A fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ọ́n, eré sì padà.

Bí tiyín bá ń falẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wo wáyà tó lọ sí ojú kọ̀ǹpútà: ara káàdì ni kó ti jáde, kì í ṣe ara mọ́tábọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin ọmọ, òdìkejì gbóná ni tutù; òdìkejì yára ni falẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé kí ẹ tó náwó. Ó dàbọ̀ o.